Ọjọ́ Tí Bámgbóyè Fá Irùngbọ̀n

Lọ́jọ́ tí Bámgbóyè wọ ilé mi ní Smyrna lẹ́bàá Atlanta pẹ̀lú àgbọ̀n tó ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, mo ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ìdíje àṣekágbá họ́kì, tí wọ́n ń pè ní playoffs, la wà. Ọjọ́ kọkàndínlógún nìyẹn tí abẹ kò gbọdọ̀ kan ojú ẹnikẹ́ni nínú àwa mẹ́ta tí a jọ máa ń wò ó. Òfin ni. Bí ẹgbẹ́ Carolina bá ti wọ ìdíje àṣekágbá, a ò ní fá irùngbọ̀n títí wọn á fi gba ife tàbí títí wọn á fi lé wọn jáde. Kì í ṣe àwa la dá a sílẹ̀ o. Àwọn tó ń gbá họ́kì fúnra wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn wọn náà sì ń bá wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n àwa mẹ́ta mú un le ju àwọn tó ni ín lọ.

Mo wo àgbọ̀n ẹ̀. Kò wo ojú mi.

"Bámgbóyè, kí lo fi irùngbọ̀n ṣe?"

"Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni jàre. Wọ́n ṣe mask fit test fún wa. Wọ́n ní mask yẹn ò lè seal dáadáa tí irùngbọ̀n bá wà níbẹ̀. What can I do?"

Ó lọ jókòó sí àyè ẹ̀, ní igun ọ̀tún àga gígùn, nítorí òfin kejì ni pé ẹnikẹ́ni kì í pààrọ̀ ibi tó ń jókòó sí. Carolina fìdí rẹmi lọ́jọ́ náà, góòlù mẹ́rin sí ẹyọ kan. Mo ń wo àgbọ̀n yẹn láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà, èmi sì ti ń lo oògùn náà láti kékeré.

Fọlọ́runṣọ́ ni orúkọ mi. Ẹrù ni mò ń dì sínú ọkọ̀ òfuurufú ní College Park, ó ti pé ọdún mẹ́tàlá. Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé kí ló kan ọmọ Ìkirè nínú eré orí yìnyín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Atlanta, iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, nínú gbọ̀ngàn ìṣeré tí ẹgbẹ́ họ́kì Atlanta ti ń gbá. Bámgbóyè ni wọ́n pín mọ́ mi. Àwa méjèèjì á dúró sí òkè pátápátá, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, òtútù yìnyín á máa bù wá jẹ lábẹ́ òrùlé, a ó sì máa wo àwọn ọkùnrin tó so ọ̀bẹ mọ́ bàtà, tí wọ́n ń tìtorí rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan da ara wọn mọ́ ògiri. Ẹ̀rín la kọ́kọ́ ń rín. Nígbà tó di oṣù kejì, Bámgbóyè ti ń pariwo mọ́ wọn. Nígbà tó di oṣù kẹta, ọ̀gá wa ní bí a ò bá gbálẹ̀, òun á lé wa.

Ògúnwálé ló là wá lójú. Ọmọ Atlanta ni, òun ló ń wa ọkọ̀ tó máa ń mú orí yìnyín dán nígbà náà. Àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà tó ń bá ṣe níbí ló fún un lórúkọ yẹn. Yorùbá tó kọ́ lọ́dọ̀ wọn, ohùn rẹ̀ máa ń já níbi tí kò yẹ, ṣùgbọ́n ó mọ ìkíni ju èmi ọmọ onílé lọ. Ó ti lé ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin báyìí. Ẹ̀gbọ́n la ń pè é.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ Atlanta wọ ìdíje àṣekágbá, lọ́dún 2007. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n gbá, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n pàdánù. A fara mọ́ ọn. Lọ́dún 2011, wọ́n ta ẹgbẹ́ náà, wọ́n kó o lọ sí ìlú kan ní Canada. Mi ò tíì lè dárúkọ ìlú yẹn báyìí, ẹ ní sùúrù fún mi. Mo bínú nígbà náà, inú yẹn ò sì tíì rọ̀. Mo fi òfin kẹta lélẹ̀ nínú ilé mi pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ wọn. Àwọn-tó-lọ là ń pè wọ́n. Carolina la mú, torí àwọn ló sún mọ́ wa díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ojúlùmọ̀ pọ̀ fún mi ní Atlanta, ṣùgbọ́n Bámgbóyè nìkan ni ọ̀rẹ́. Òun ló gbé Tiwa ọmọ mi jáde lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Nígbà tí Joanna ìyàwó ẹ̀ kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ilé ẹ̀ ní Forest Park, mò ń se oúnjẹ tí kò jẹ. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Olúwapẹ̀lúmi, ti lọ́kọ, ó ti bímọ, Canada ló ń gbé. Ilé mi ló wá di ilé Bámgbóyè. Bí mo bá pàdánù ẹni yẹn, kí ló kù fún mi ní ìlú yìí? Ẹrù dídì nìkan.

Ìdí nìyẹn tí àgbọ̀n yẹn fi dùn mí.

Nígbà tí ìyàwó mi ti ibi iṣẹ́ dé, mo bi í. Nọ́ọ̀sì ni Ọláwùnmí, ọsibítù kan náà lòun àti Bámgbóyè ti ń ṣiṣẹ́. Bámgbóyè ló máa ń ti àwọn aláìsàn kiri lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé wọ́n ṣe àyẹ̀wò ìbòmú fún yín lọ́sẹ̀ yìí?"

"Mask fit? Rárá o. October ni wọ́n ń ṣe tiwa." Ó ti ń bọ́ bàtà. Lójijì ó dúró, bàtà kan lọ́wọ́. "Àbí... wọ́n lè ti ṣe é fún transport o. Mi ò mọ̀, Bàbá Tiwa. Ẹ jẹ́ kí n lọ wẹ̀."

Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré lọ́sàn-án lásán. Ìyàwó mi kì í sọ pé òun ò mọ nǹkan. Láti ọdún méjìdínlógún tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò gbọ́ "mi ò mọ̀" lẹ́nu ẹ̀ rí láìjẹ́ pé ó ń bo ẹnì kan láṣìírí.

Nígbà tí Carolina tún fẹ́ gbá, mo la ojú mi sílẹ̀. Ní àkókò ìsinmi, tẹlifíṣọ̀n ń ṣàfihàn bí àwọn ẹgbẹ́ yòókù ṣe ń gbá tiwọn, ni wọ́n bá gbé Àwọn-tó-lọ síta. Mo na ọwọ́ sí rìmóòtù. Bámgbóyè ní, "Jọ̀ọ́, fi sílẹ̀ díẹ̀."

Mo yíjú sí i. Ó ti tẹ̀ síwájú lórí àga, ìgbọ̀nwọ́ lórí orúnkún.

"Ẹ wò ó," ó ní, kò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń wo òun. "Ẹ ò rí i pé wọn ò kánjú? Carolina tiwa yìí, tí wọ́n bá ti rí rọ́bà, wọ́n á kàn jù ú sí kọ̀rọ̀, gbogbo wọn á wá ya lé e. Shoot, shoot, shoot, láti ibi gbogbo. Ó dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀. But these people, wọ́n ń dúró. Àwọn tó sígbọnlẹ̀ yẹn dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n fọkàn tán ẹni tó ń ṣọ́ gólì wọn, wọ́n ń dúró de ìgbà tí ẹlòmíì máa ṣe àṣìṣe. Patience ni wọ́n fi ń gbá."

"Ojo ni wọ́n fi ń gbá," mo ní.

"Fọlọ́, kì í ṣe ojo."

"Ẹni tó ń dúró de àṣìṣe ẹlòmíì, kí là ń pè é? Carolina tiwa ń lé ẹni, ó ń gbá ẹni mú, kò fún ẹni láyè mí. O mọ ibi tí ọkàn wọn wà. Àwọn tó ń fà sẹ́yìn yẹn, ta ló mọ nǹkan tí wọ́n ń rò?"

Ògúnwálé wúkọ́. Ó ń wo ife tíì ẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kọ̀wé sí ìsàlẹ̀ ẹ̀. "Brothers," ó ní, "gbogbo ilé ló ní bí wọ́n ṣe ń gbá a." Ó wá ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Òun tí kì í dìde títí eré á fi tán.

Mo pa tẹlifíṣọ̀n lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò dákẹ́. Ó kù díẹ̀ kó pé ogún ọdún tí mo ti mọ Bámgbóyè, kò yin Àwọn-tó-lọ rí. Ó mọ orúkọ àwọn tó dí ẹnu ọ̀nà. Ó mọ èyí tí orúnkún ń dùn nínú wọn. Ibo ló ti ń wò wọ́n? Ta ló ń bá a wò wọ́n? Mo wá ń rò ó pé bóyá ó ní àwọn èèyàn kan tí wọ́n jọ ń pàdé níbì kan, tí wọ́n wọ jẹ́sì àwọn ọlọ́tẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń fi Fọlọ́runṣọ́ ará Smyrna rẹ́rìn-ín. Ẹ má bá mi wí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí aláǹgbá, á sá.

Nígbà tí Bámgbóyè fẹ́ lọ, mo ní kó jẹ́ kí n bá a gbé kúlà tó fi ń kó ohun mímu wá sínú mọ́tò. Mo ṣí búùtù kí ó tó lè dá mi dúró. Kóòtù ńlá kan wà níbẹ̀, dúdú, ó ki bí tìmùtìmù, irun ní etí fìlà ẹ̀. Bàtà òjò-dídì méjì wà lábẹ́ ẹ̀, ìwé ìtajà ṣì wà lára wọn. Oṣù karùn-ún la wà o. Ní Georgia. Òógùn ń ṣàn ní ẹ̀yìn mi bí mo ṣe dúró yẹn.

"Ta ló ni kóòtù yìí?"

"Clearance ni. Ó wà lórí sale." Ó gba kúlà lọ́wọ́ mi, ó pa búùtù dé. "Ó dàárọ̀ o."

Bí kò bá ní ìdí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Mo dúró sójú títì títí iná ẹ̀yìn mọ́tò ẹ̀ fi pòórá. Mo ka gbogbo ẹ̀ pọ̀: irùngbọ̀n tó fá, irọ́ tó pa, ẹgbẹ́ tó ń yìn, aṣọ òtútù tó rà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo wá pinnu pé ó ti gba tíkẹ́ẹ̀tì, pé ó fẹ́ fò lọ sí ìlú yẹn lọ wo Àwọn-tó-lọ lójúkojú, kí ó jókòó sínú gbọ̀ngàn wọn, kí ó pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ìyẹn ni mo rò. Ohun tó burú jù tí orí mi lè gbé nìyẹn.

Mo mú un mọ́ra títí di ìdíje kẹfà nínú méje tí ẹgbẹ́ méjì lè bá ara wọn gbá. Bí Carolina bá pàdánù, wọ́n jáde nìyẹn. Bí wọ́n bá borí, ó di ìkeje, ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́ta ọ̀sán. Àwa mẹ́ta jókòó síbi tí a máa ń jókòó sí. Góòlù méjì-méjì ni wọ́n gbá fún ara wọn. Fóònù Bámgbóyè dún. Ó wò ó, ó dìde. Nínú ìdíje kẹfà! Ó dìde kúrò ní àyè ẹ̀, ó ń lọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Jókòó," mo ní.

"Mò ń bọ̀, one minute."

"Bámgbóyè, mo ní jókòó! Láti ọjọ́ tí o ti fá irùngbọ̀n yẹn ni nǹkan wa ti dàrú. Mask fit test, oṣù October ni wọ́n ń ṣe é. O pa irọ́ fún mi nínú ilé mi. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? O ti lọ dara pọ̀ mọ́ wọn. O ti gba tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ wò wọ́n. Sọ pé irọ́ ni!"

Fóònù ń dún lọ́wọ́ ẹ̀. Ọláwùnmí yọjú láti kíṣìnì, Ògúnwálé tẹrí ba. Bámgbóyè pa fóònù, ó sì wò mí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀.

"Mo ti gba tíkẹ́ẹ̀tì lóòótọ́," ó ní. "Ọjọ́ kejì oṣù tó ń bọ̀. Kò ní àbọ̀, Fọlọ́. Pẹ̀lúmi ti ṣe ìwé ìgbélùú fún mi. Mo fá irùngbọ̀n torí fọ́tò ìwé náà, ó ní kí ojú mi bá ti passport mu. Èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀ la jọ ń wo họ́kì lórí fóònù, àwọn ọmọ yẹn ló ń kọ́ mi ní orúkọ àwọn tó ń gbá a fún wọn. Winnipeg ni mò ń lọ gbé."

Ó dárúkọ ẹ̀ nínú ilé mi, ògiri ò wó.

Ó yẹ kí n bi í nípa àwọn ọmọ. Ó yẹ kí n sọ pé mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ibẹ̀ ni ọmọ ẹ̀ wà, pé èmi ni mo máa ń sọ pé "ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ lọ́hùn-ún" kí ẹnu mi má baà kan orúkọ ìlú náà. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ìwọ náà. Ó ti tó ọjọ́ mélòó tí o ti ń purọ́ fún mi? Máa lọ! Má dúró de ọjọ́ kejì. Lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ."

Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà, ó kí ìyàwó mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Ògúnwálé. Èmi ni kò kí. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, Carolina gbá góòlù kẹta wọlé, wọ́n borí. Ẹnikẹ́ni ò pariwo nínú ilé mi.

"Ẹ̀yin méjèèjì mọ̀," mo ní.

"Mo mọ̀ láti March," Ògúnwálé sọ. Ó ń wá fìlà ẹ̀. "Ó bẹ̀ mí. Ó ní òun fẹ́ kí playoffs parí kí òun tó sọ fún ẹ. Fọlọ́, I drove that ice machine eleven years. Iṣẹ́ mi ló bá wọn lọ, kì í ṣe tìẹ. Èmi ti dárí jì wọ́n." Ó kí mi ní ìkíni àwọn àgbà, gbogbo ohùn ẹ̀ já síbi tí kò yẹ, ó sì lọ.

Ó ku èmi àti Ọláwùnmí. Mo rò pé yóò bẹ̀ mí. Kò bẹ̀ mí.

"Bàbá Tiwa, kí lẹ fẹ́ kí ó ṣe? Ẹ wo nǹkan tí ẹ ti ń bá ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó ṣe láti 2011 torí pé wọ́n kó lọ. Àwọn tí ò mọ̀ yín rí láyé. Ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ wọn nínú ilé. Ọkùnrin yẹn jókòó sórí àga yẹn, ó ń wo gbogbo ẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá. Báwo ló ṣe fẹ́ wá sọ fún yín pé òun náà ń lọ?" Ó kó àwo kúrò nílẹ̀. "Ó ní òun á di ẹni tí wọn ò ní dárúkọ. Ibi ìdáná yìí ló ti sọ ọ́, ó ń sunkún. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ẹ̀yin méjì péré, ẹ ti fẹ́ẹ̀ gbà á. Ẹ dúpẹ́."

Mi ò sùn dáadáa. Ní ọjọ́ Sátidé, mo di ẹrù ní College Park láti òwúrọ̀. Àpótí kan kọjá níwájú mi tí wọ́n kọ orúkọ ìlú yẹn sí, mo kàn dúró, mò ń wò ó, títí ẹni tó wà lẹ́yìn mi fi ní ṣé ó dáa. Ìwọ̀n àpótí náà kò ju ti àwọn yòókù lọ. Mo gbé e sókè, mo tò ó sí àyè ẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo padà sílé láti ṣọ́ọ̀ṣì ní aago kan ààbọ̀. Aago mẹ́ta ni ìdíje keje. Mo wo igun ọ̀tún àga gígùn. Òfin ni pé ẹlòmíì ò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀. Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Irùngbọ̀n mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù kan, ewú inú ẹ̀ pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo mú abẹ. Carolina ṣì wà nínú ìdíje. Bí wọ́n bá pàdánù lónìí, èmi ni mo fà á, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn.

Nígbà tí mo jáde, Ọláwùnmí wò mí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò fún mi.

Láti Smyrna dé Forest Park, mo ń fi ọwọ́ pa àgbọ̀n mi, tí ó tutù lábẹ́ ẹ́síì mọ́tò. Mo ń ṣètò ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà Bámgbóyè, gbogbo ẹ̀ ti fò lọ. Mo kan ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ kó tó dáhùn, mo mọ̀ pé ó ń wò mí láti ojú ihò kékeré yẹn. Ó ṣí i díẹ̀, ó fi ṣéènì sílẹ̀ lára ẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀, mo rí àwọn páálí tí wọ́n ti tò, àti tẹlifíṣọ̀n tó wà nílẹ̀.

Ó wo àgbọ̀n mi. Ó wò ó pẹ́.

"Fọlọ́. Kí lo fi irùngbọ̀n ṣe?"

"Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni," mo ní. "Wọ́n ṣe mask fit test fún wa."

"Fún àwọn tó ń di ẹrù?"

"Gbogbo wa. Àti àpótí."

Kò rẹ́rìn-ín. Ojú ẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Ìdíje keje nìyí. Èmi ti fá, ìwọ náà ti fá. O mọ̀ pé a máa pàdánù lónìí."

"Ká pàdánù." Mo nawọ́ sí àwọn páálí ẹ̀yìn ẹ̀. "Ṣé kóòtù yẹn á nípọn tó? Mo gbọ́ pé òtútù Winnipeg kì í ṣe ti ọmọdé."

Mo gbọ́ tó ń tú ṣéènì náà.